Erinmi Nangbéto àti Fáàrí

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjòyè, ó dá lórí Erinmi tó ń gbé odò Mono ní Nangbéto, ó sì dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ẹni tí àlọ́ kì í fò dá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́ ègbè ná. Orin kan ṣoṣo ló wà nínú àlọ́ yìí, ègbè rẹ̀ kò sì le. Bí mo bá ti dákẹ́, ẹ dáhùn pé, "Kò sí o, kò sí!" Ẹ mú un dání, ẹ ó lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àlọ́ ẹlòmíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ojú ṣì wà lórúnkún. Tèmi kò pẹ́ tó yẹn. Lẹ́yìn ọdún 1987 ni, nígbà tí wọ́n parí dámù tí ilé iṣẹ́ iná tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ jọ ni kọ́ sórí odò Mono ní Nangbéto, ní agbègbè Atakpamé níbi tí àwọn ọmọ Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Àná ń gbé. Láti 1984 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, omi tó ti ń ṣàn lọ sí òkun láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò rí ọ̀nà mọ́. Ó fi ẹ̀yìn rìn, ó gun orí oko, ó gun ojú ọ̀nà, ó wọ ilé onílé. Ènìyàn tó lé ní 7,000 ló dẹrù, tó lọ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ tí wọn kò bí wọn sí. Omi náà fẹ̀, ó fẹ̀, bí òjò bá ti rọ̀ tó tí ó sì kún dé ẹnu, ó tó 180 kìlómítà onígun mẹ́rin.

Àwọn ènìyàn ń sunkún. Erinmi ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ má bínú sí i jù. Kí dámù tó dé, ojú ọ̀gbun kékeré kan ni Erinmi ń gbé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, Mono á fà débi pé ẹ̀yìn Erinmi á wà nínú oòrùn, ikùn rẹ̀ nìkan ni yóò tutù. Ibẹ̀ ni baba rẹ̀ kú sí ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, pẹ̀lú ebi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan Erinmi jí, ó wo ọ̀tún, omi. Ó wo òsì, omi. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tó ni ín. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, a ti dolówó."

"Owó wo, Bàbá ọmọ mi?"

"Ṣé o ò rí omi ni?"

"Omi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe iná nìyẹn."

"Inú rẹ̀ ni mo wà. Ohun tí èèyàn bá wà nínú rẹ̀, òun ló ni ín."

Òfin yìí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń gbé ilé ìjọba rí, nítorí náà èmi kò lè sọ pé Erinmi ló dá a sílẹ̀.

Ibi yòówù tí ẹnìkan bá ti sọ pé "a ti dolówó", ì báà sọ ọ́ lábẹ́ omi, Ìjàpá á gbọ́. Kò tíì tó ọjọ́ mẹ́ta tó fi dé etídò. Ó dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń wo Ìjàpá kì í mọ ìgbà tó dọ̀bálẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tó dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Olómi-ńlá, mo kí yín kú oríire. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dùn mí."

"Kí ló dé, àbúrò?"

"Baba wa ni."

"Baba mi ti kú tipẹ́."

"Ohun tó ń dùn mí náà nìyẹn. Ẹ sin ín jẹ́jẹ́. Ta ló gbọ́? Ta ló jó níbẹ̀? Ta ló jẹun yó tó fi òróró nu ẹsẹ̀? Irú ikú tí baba yín kú, bí ẹni pé kò bímọ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Erinmi lákínyẹmí ara. Kò rántí pé ní ẹ̀ẹ̀rùn tí baba òun ń kú lọ, Ìjàpá yìí kan náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbun, baba bẹ̀ ẹ́ kó bá òun ṣa koríko díẹ̀ wá, Ìjàpá sì dáhùn pé oòrùn mú.

"Kí ni kí n wá ṣe, àbúrò?"

"Kí a yí ẹ̀yìn òkú padà. Kí ayé mọ̀ pé ọmọ ni baba bí. Kí ẹ ṣe fáàrí díẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin tó kó ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta sọ́rùn lọ ra ata, a ní fáàrí ló ń ṣe. Ọ̀dọ́kùnrin tó wọ kóòtù àti wésíkóòtì nínú oòrùn Kútọnu, fáàrí ni. À ń fi yin èèyàn, à ń fi bú èèyàn, ohùn la fi ń mọ èyí tó jẹ́. Bí ìyá bá sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọdún, ẹ̀rín ló wà nídìí rẹ̀. Bí onílé bá sọ ọ́ fún ayálégbé tó jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́fà tó tún gbé rédíò tuntun wọlé, ẹ kò ní béèrè ohun tó ní lọ́kàn. Òwe kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú nínú rẹ̀. N kò ní sọ ọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ Ayékòótọ́ ni, òun ni yóò sọ ọ́.

Erinmi kò tíì fi ẹnu rẹ̀ pe fáàrí rí. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó dùn. Ó tún un pè.

"Fáàrí díẹ̀. Díẹ̀ tó báwo?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnu lásán ni mo fi pe díẹ̀. Fáàrí kì í mọ díẹ̀."

Wọ́n mú ọjọ́: àsìkò ọdún iṣu, tí iṣu tuntun bá dé ní agbègbè Atakpamé, ní 1993. Wọ́n fi Ìjàpá ṣe alága ìgbìmọ̀, akápò, akọ̀wé àti olùyẹ̀wò owó, nítorí ó ní bí ipò bá pín sọ́wọ́ púpọ̀, ìjà ló ń dá sílẹ̀.

Aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ wá. Lomé ni wọ́n lọ, lọ́dọ̀ Ìyá Agbe tó laró. Ìyá Agbe wà lára àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Nánà Benz, àwọn ìyá aláṣọ Lomé tó ń gba ànkàrá láti Hòlándì, tó ń tà á káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí owó wọn pọ̀ débi pé mọ́tò Mercedes-Benz ni wọ́n fi ń rìn, tí ìjọba pàápàá fi ń yá mọ́tò lọ́wọ́ wọn bí àlejò pàtàkì bá wọ̀lú. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, Lomé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí láti inú ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1992 tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oṣù mẹ́sàn-án. Ọjà ti kú. Aṣọ ti pẹ́ lórí igbá. Bí ọjà bá kú, àwìn á yá lọ́wọ́ ọlọ́jà, ìdí nìyẹn tí Ìyá Agbe fi dìde fún Erinmi tó sì pè é ní Ọ̀gá.

Ó tú aṣọ sílẹ̀. Erinmi mú èyí tó pupa jù lọ, òdòdó ńlá ńlá wà lára rẹ̀. Ọgọ́ta ọ̀pá ni ti agbádá tirẹ̀ nìkan, fìlà kò sí níbẹ̀. Wọ́n tún gé ti ẹbí, ti ẹgbẹ́, ti àwọn tí kì í ṣe ẹbí tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ṣùgbọ́n tí ojú ń tì wọ́n láti wá bí wọn kò bá rí tiwọn wọ̀. Ìyá Agbe ṣe ìṣirò. Ó mú bírò.

"Ọ̀gá, ṣé séfà ni kí n fi kọ gbèsè yìí ni, àbí faran ti ilẹ̀ Faransé?"

Kí Erinmi tó la ẹnu, Ìjàpá ti yọ ọrùn.

"Ìyá, ẹ tún ojú ẹ̀gbọ́n mi wò. Ṣé ojú ẹni tí yóò jẹ gbèsè séfà nìyí?"

Erinmi rẹ́rìn-ín, ilé mì. Láti 1960 ni 50 séfà ti dọ́gba pẹ̀lú faran Faransé kan, kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò pé yóò yẹ̀. Ó jọ ohun kan náà. Ìyá Agbe kọ ọ́: 20,000 faran Faransé. Ìyẹn ni mílíọ̀nù kan séfà. Erinmi tẹ ẹsẹ̀ sí i, ìwé náà ya díẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Iṣu, ọ̀dọ̀ Ọ̀yà ni wọ́n ti gbà á. Ọ̀yà ní oko ńlá kan létí omi. Kò ga, kò sanra, kì í sọ̀rọ̀, ó ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé. Ọtí sódàbí, ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ tó ń gun ọ̀pẹ. Ó kù iná. Wáyà ńlá láti ibi dámù gba orí Erinmi kọjá, ó ń kùn yùn-ùn, ó ń gbé iná lọ sí Lomé àti Kútọnu. Erinmi wò ó.

"Ìjàpá, ṣé a kò lè fa díẹ̀ wálẹ̀ nínú èyí? Omi mi náà ló kúkú ṣe é."

"Ẹ̀gbọ́n, iná tó bá wà lókè tó yẹn, ti àwọn tó jìnnà ni."

Ni wọ́n bá lọ háyà Tanátaná ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, owó òru kọ̀ọ̀kan, àwìn.

Ó kù ẹni tí yóò kéde. Ìjàpá pe Ayékòótọ́, ó ní kó fò láti Anié dé Tohoun, kó máa ké "Fáàrí!" lórí gbogbo igi. Ayékòótọ́ gbọn ìyẹ́.

"N kì í sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Òwe ni baba mi fi kọ́ mi, odindi ló sì fi kọ́ mi."

"Èló lo fẹ́ gbà kí o tó dúró sí ibi àkọ́kọ́?"

Ayékòótọ́ ronú. Èmi kò ní purọ́ mọ́ ọn pé ó kọ̀. Ẹyìn pupa wà nínú igbá Ìjàpá, ó ń dán. Wọ́n fẹnu kò sí ẹyìn mẹ́wàá fún "fáàrí", òdo fún ìyókù. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ káàkiri nìyẹn: fáàrí, fáàrí, fáàrí, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ayẹyẹ, ìyàwó Erinmi jókòó tì í.

"Bàbá ọmọ mi, mo kà á. Bí a bá ta gbogbo koríko etí odò yìí fún ọdún mẹ́wàá, kò tó san án."

"Ta ló sọ pé koríko la ó tà? Omi ni."

"Ta ni yóò ra omi lọ́wọ́ wa?"

"Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ ba fáàrí mi jẹ́."

Ó dákẹ́. Ó lọ rán aṣọ ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn, nítorí aṣọ kò kan ọmọ náà, ìrépé agbádá baba ló fi ṣe é.

Ọjọ́ pé. Ha! Ẹ̀yin ọmọ, èyí tí mo rí nìkan ni mo lè sọ. Ìgalà dé láti Sokodé. Ọ̀kín dé, kò rí àyè tẹ́ ìrù sí. Wọ́n ti ṣe pẹpẹ sójú omi fún àwọn tí kò lè lúwẹ̀ẹ́. Iyán ń lọ, iyán ń bọ̀; àwọn kan jẹ tiwọn tán, wọ́n di mẹ́rin sínú ewé, wọ́n gbé e sábẹ́ àga, wọ́n tún na ọwọ́ pé wọn kò tíì rí tiwọn. Erinmi jáde. Agbádá rẹ̀ wọ́ sẹ́yìn, ọmọ Òkété méjìlá ló gbé e. Ìlù sọ. Ìjàpá gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó lé orin, ẹ̀yin ẹ bá mi gbè é:

Ta ló tó Erinmi lódò Mono?
*Kò sí o, kò sí!*
Ta ló lómi tó fẹ̀ tó báyìí?
*Kò sí o, kò sí!*
Ta ló yí òkú baba ẹ̀ padà tí ilẹ̀ mì?
*Kò sí o, kò sí!*
Ẹni tó lè bá a dọ́gba lónìí dà?
*Kò sí o, kò sí!*

Ìnáwó ló yẹ kí ẹ rí. Erinmi ń lẹ owó mọ́ onílù lórí, owó ń bọ́ sómi. Ìjàpá dúró lẹ́yìn onílù pẹ̀lú igbá, ó ń ṣa á. Ó ń sá a sórí ẹ̀yìn ara rẹ̀ kó lè gbẹ. Nígbà tí owó Erinmi tán, tí ìlù kò tíì tán, Ìjàpá sún mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ojú tì wá, mo ní díẹ̀ níbí, ẹ ó fi èlé san án." Erinmi gbà á, ó ná an, ó bọ́ sómi, Ìjàpá ṣa á, ó sá a, ó tún yá a. Owó kan náà ni Erinmi yá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sì tẹ ẹsẹ̀ sí ìwé. Àṣemáṣe èyí kò burú tó ti ìparí rẹ̀: kí àkùkọ tó kọ, Ìjàpá ti ta ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Ọ̀yà ní owó gidi, ó ti ń lọ sílé.

Nígbà tí àríyá gbóná tán, ọmọ ẹja epìyà kan gbé orí sókè nínú omi, ó bi ìyàwó Erinmi pé, "Ìyá, kí lorúkọ ẹni tó kú?" Ìyàwó Erinmi sọ ọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́, gbohùngbohùn ti gba gbogbo etí.

Ọyẹ́ dé. Bí òjò bá ti dá ní ilẹ̀ Mono, omi tó kù nínú adágún ni wọ́n ń ná títí òjò mìíràn yóò fi rọ̀. Ẹ̀rọ méjì ló wà nídìí dámù, agbára wọn pa pọ̀ jẹ́ 65 mẹ́gáwáàtì, omi ni oúnjẹ wọn. Lomé ń tan fáànù, Kútọnu ń tan fíríìjì, omi ń lọ. Lójoojúmọ́ ni adágún ń sún sẹ́yìn díẹ̀ díẹ̀. Kùkùté igi tí omi ti bò yọ orí. Erinmi lọ sí ẹnu dámù, ó bú ramúramù, ó ní ta ló ní kí wọ́n máa tú omi òun. Òṣìṣẹ́ kan tó jókòó níbẹ̀ mú fóònù, ó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé erinmi kan wà níbí, ó dà bí ẹni pé ebi ń pa á. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà tí oṣù kìíní 1994 fi dé. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń ná séfà pé jọ sí Dákà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, faran Faransé kan kò jẹ́ 50 séfà mọ́, ó ti di 100. Ọjọ́ kan ṣoṣo. Oògùn ilé ìwòsàn, ìrẹsì, ìyẹ̀fun búrẹ́dì, gbogbo ohun tó ń bọ̀ láti òkè òkun gbówó lórí. Ẹni tó lọ sùn pẹ̀lú owó ilé ìwé ọmọ méjì, ti ọmọ kan ló fi jí bí ilé ìwé náà bá jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé. Erinmi tó lọ sùn pẹ̀lú gbèsè mílíọ̀nù kan, mílíọ̀nù méjì ló fi jí, kò sì jẹ nǹkan kan, kò mu nǹkan kan láàárín méjèèjì.

Ẹ̀yin tó rò pé Ìyá Agbe jèrè, ẹ tún un rò. Òun náà ń ra aṣọ lọ́wọ́ òyìnbó. Ànkàrá Hòlándì wọ́n, àwọn oníbàárà sá. Nínú àwọn Nánà Benz ìgbà yẹn, púpọ̀ ni kò padà bọ̀ sípò mọ́ lẹ́yìn ọdún yẹn. Bọ́ọ̀sì ni Ìyá Agbe wọ̀ wá sí Nangbéto, ó gbé báàgì lé itan, ìwé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ayékòótọ́ ló kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn náà, ní rédíò ilé kan ní Atakpamé. Ó fò wá sórí igi tó wà lókè ọ̀gbun Erinmi. Ẹyìn mẹ́wàá ti tán tipẹ́, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un mọ́, ni ó bá la ẹnu, ó sọ gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: "Fáàrí àṣejù, oko olówó ní í múni lọ." Ó sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú bí Erinmi.

"O ò ṣe sọ ọ́ tán nígbà yẹn?"

"Ìyẹn ni wọ́n sanwó fún."

Erinmi pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá wá, kí wọ́n sọ pé òun kò sí. Ó wọ inú omi lọ, ó dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn olówó dé etídò. Ọ̀bọ wá pẹ̀lú kèǹgbè òfìfo, Tanátaná wá lọ́sàn-án gangan láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti le, Ìyá Agbe wá, Ọ̀yà wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn ti alẹ́ ọjọ́ sí náà ni wọ́n gbé e sí. Àwọn ọmọ Erinmi tó tò sí etí omi ń gbè é. Ẹ bá wọn gbè é:

Erinmi tó lódò Mono ńkọ́?
*Kò sí o, kò sí!*
Owó aṣọ Ìyá Agbe dà?
*Kò sí o, kò sí!*
Owó iṣu Ọ̀yà, owó sódàbí?
*Kò sí o, kò sí!*
Ṣé ọ̀la ni kí a padà wá gbà á?
*Kò sí o, kò sí!*

Àwọn olówó ti fẹ́ yí padà. Àbíkẹ́yìn Erinmi, èyí tí aṣọ kò kàn, rò pé àlejò ni wọ́n, ó sì fẹ́ ṣe ọmọlúàbí. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Bàbá ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí."

Ọ̀yà jókòó. Kò pariwo. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi bírò sórí etí, ó ń wo omi. Erinmi kì í ṣe ẹja. Kò pẹ́ púpọ̀, ihò imú méjì yọ, fúú. Ojú méjì yọ. Etí méjì yọ, wọ́n gbọ̀n pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n," ni Ọ̀yà wí.

Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀yà san ti Ọ̀bọ àti ti Tanátaná, ó sì bá Ìyá Agbe dá sí méjì, gbogbo gbèsè di ọ̀kan, Erinmi sì di ìwọ̀fà lóko Ọ̀yà. Oko náà wà létí omi, ẹni tó bá ń kọjá á rí i. Ẹ rò pé ojú Erinmi ti là? Ó fà sẹ́yìn, ó ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kan.

"Àbúrò, mo gbà láti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ lóru. Àwọn èèyàn mọ̀ mí."

Ọ̀yà ní kò burú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òru ní èlé tirẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá di pé lójoojúmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú, Erinmi á jáde nínú omi, á wọ oko lọ. Ebi ọ̀sán á ti pa á. Á ro ebè kan, á jẹ tó 40 kìlógíráàmù koríko pẹ̀lú ewéko, á tún fi ẹsẹ̀ tẹ ebè méjì pa. Ní òwúrọ̀ Ọ̀yà á wọn ohun tó rò, á wọn ohun tó jẹ, á yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì, á kọ ọ́. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, gbèsè náà kò dín.

Ọ̀ràn agbádá wá kù. Ìyá Agbe ní kó bọ́ ọ fún òun, bó ti wù kó gbó tó. Ṣùgbọ́n Erinmi ti sanra sínú rẹ̀, omi sì ti sọ ọ́ di ara kan náà pẹ̀lú awọ. Ìgbà tí wọ́n fà á, ó já tẹ́rẹ́tẹ́rẹ́, àwọ̀ pupa kù sára Erinmi. Bó bá pẹ́ nínú oòrùn lónìí, ohun pupa kan máa ń yọ lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹranko ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ara rẹ̀ ló ń sun ún kí oòrùn má bàa jó o. Ìyá Agbe ní aró aṣọ òun ni, òun kò sì tíì gbowó rẹ̀ tán.

Ìjàpá ńkọ́? Nínú àlọ́ mìíràn wọn ì bá ti fọ́ ọ lẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́ tẹ́lẹ̀, kò sí ibi tó ṣẹ́ kù tí wọ́n lè tún fọ́. Wọ́n rí i ní Anié ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Ẹfọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta màlúù mẹ́ta, ó ń bi í léèrè ọdún tí baba rẹ̀ kú.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká.

Ẹ̀yin tó bá ń lọ sí Nangbéto láti wo Erinmi, ẹ lọ ní àárọ̀, ẹ jókòó jìnnà nínú ọkọ̀, ẹ má sì mú ìwé kankan lọ́wọ́, nítorí bó bá rí ìwé, kò ní yọjú. Bí káàdì ìpè bá sì dé ọwọ́ yín tí Ìjàpá jẹ́ alága rẹ̀, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó ka iwájú: ẹ̀yìn ni wọ́n kọ iye aṣọ sí.